Ẹ Wo Tábìlì Kí Ẹ Tó Ra Àga: Àga Ìjẹun Ọmọ fún Ìrìn Àjò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú, àmọ́ ó ti dójú tì mí rí. Ọ̀rọ̀ àga tí ọmọ ń jókòó sí jẹun ni, pàápàá èyí tó ṣeé ká, tó ṣeé gbé rìn, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré rà nígbà tí a bá ń múra àtilọ sílé.

Kérésìmesì kan ni a gbé ọmọ wa àkọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà. Oṣù kan gbáko ni mo fi wá àga kiri ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n tó wá ra èyí tí wọ́n ń fi kọ́ etí tábìlì. Ó fúyẹ́, ó ṣeé ká pẹlẹbẹ, ó sì dúró digbí lára tábìlì onígi tó wà nílé wa. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi dì í sínú ẹrù. A dé Ìbàdàn, a kí ara wa tán, oúnjẹ délẹ̀, mo gbé àga mi jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé gíláàsì ni ojú tábìlì ìjẹun ìyá ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé tó bá àga náà wá sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí a má gbé e kọ́ tábìlì onígíláàsì. Mo yíjú sí tábìlì oníke tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ó ń mì. Màmá ń wò mí láti orí ìjókòó wọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, gbé ọkọ mi fún mi jàre. Ṣé itan mi ò tó àga ni?"

Mo gbé ọmọ fún wọn. Àga tí mo gbé láti Lọ́ńdọ̀nù kò jáde nínú báàgì mọ́ títí a fi padà.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ jù lọ àga ìjẹun tó ṣeé gbé rìn kì í dá dúró. Ara tábìlì tàbí àga àgbà ni wọ́n ń gbé. Bí tábìlì yẹn kò bá lágbára, àga ọmọ kò lágbára, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Nítorí náà, kí ẹ tó wo àga tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ wo tábìlì àti àga tó wà níbi tí ẹ ń lọ.

Ṣé ọmọ tiẹ̀ nílò àga ni?

Àwọn kan á ní, "Ta ló gbé àwa sórí àga? Ṣebí a dàgbà." Òótọ́ ni. Orí itan ni wọ́n ti bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ọmọ bá ń kọ́ ìjókòó, wọ́n á gbé e sínú bàsíà, wọ́n á sì ká aṣọ yí i ká kó má baà ṣubú. Kò sí ohun tó burú nínú itan ìyá àgbà, bí ọmọ bá ti jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Èyí tó léwu ni kí a dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, kí a máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Oúnjẹ lè ṣìnà gba ibi tí èémí ń gbà, kó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó bá jókòó ṣánṣán máa ń gbé oúnjẹ mì dáadáa, ó sì lè yí orí kúrò bó bá yó.

Àǹfààní kejì ni pé bí ọmọ bá wà lórí àga tirẹ̀, ọwọ́ wa méjèèjì á ráyè. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ oṣù mẹ́jọ ṣe ń nawọ́ sí ohun gbogbo. Bí ẹ bá gbé e sórí itan níwájú àwo ọbẹ̀ gbígbóná, ojú yín kò ní kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, bí ẹ bá sì gbójú kúrò, ó ti dé inú ọbẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀? Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé àti àwọn elétò ìlera Ìlú Ọba sọ pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ líle. Ẹ máa wò ó bóyá ó lè jókòó, bóyá ọrùn rẹ̀ ti le, bóyá ó lè rí oúnjẹ kó sì mú un sẹ́nu, bóyá ó ń gbé e mì dípò kó máa fi ahọ́n tì í jáde. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin nígbà tí ẹ fẹ́ lọ sílé, ẹ fi owó yín sápò. Kò tíì nílò àga kankan.

Irú àwọn àga tó wà

Àkọ́kọ́ ni àga àgbékọ́, irú èyí tí mo rà. Kò ní ẹsẹ̀. Apá méjì ló ní tó máa ń gba orí tábìlì, a ó sì fi síkúrù há a mọ́ tábìlì láti abẹ́. Ọmọ á wà pẹ̀lú àwọn àgbà nídìí tábìlì kan náà, ìyẹn dára púpọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi kílò méjì lọ. Àmọ́ ó fẹ́ tábìlì tó wúwo, tó tẹ́jú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé mẹ́rin, tí nínípọn rẹ̀ sì bá ohun tí ìwé àga náà sọ mu. Kò bá tábìlì gíláàsì rìn, kò bá oníke, kò bá èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láàárín, kò sì bá èyí tó ń ká. Ẹ gbọ́dọ̀ ká aṣọ tábìlì kúrò kí apá àga lè di igi mú. Ẹ tún fọwọ́ tọ abẹ́ etí tábìlì wò: bí igi kan bá yọ síta níbẹ̀, àga náà kò ní wọlé dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò yẹ kí ẹ gbé àga àgbà sábẹ́ rẹ̀ pé bóyá kó gba ọmọ bó bá já. Ọmọ á fi ẹsẹ̀ ti àga yẹn, á sì ti ara rẹ̀ kúrò lára tábìlì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n kó irú àga àgbékọ́ kan tí ilé iṣẹ́ phil&teds ṣe padà ní Amẹ́ríkà, bí ẹgbẹ̀rún 54, nítorí pé ó lè já kúrò lára tábìlì, ó sì lè ká ọmọ lọ́wọ́ mọ́.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní booster. Ó dà bí àga kékeré tí kò ní ẹsẹ̀, a ó gbé e lé orí àga ìjẹun àwọn àgbà, a ó sì fi okùn méjì dè é: ọ̀kan gba ẹ̀yìn àga, ọ̀kan gba abẹ́ ìjókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní tíréè tiwọn. Ìwọ̀n wọn máa ń tó kílò méjì sí mẹ́rin. Ó fẹ́ àga onígi tó dúró ṣinṣin, tó ní ẹ̀yìn, tí kì í ká, tí kò ní táyà. Ẹ ṣọ́ra o: booster kan tún wà tó jẹ́ ti inú ọkọ̀, fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, iṣẹ́ wọn ò papọ̀. Ti oúnjẹ kò lè gba ọmọ là nínú ọkọ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ìkẹta ni aláṣọ. Aṣọ lásán ni, a ó fi bọ ẹ̀yìn àga àgbà bí ẹni fi fìlà bọ orí, ọmọ á jókòó síwájú rẹ̀, a ó sì fi bẹ́líìtì rẹ̀ gbá ọmọ mú. Kò tó ààbọ̀ kílò, ẹ lè tì í sínú báàgì ọwọ́. Àmọ́ kì í gbé ọmọ ga, torí náà ọmọ kékeré lè máa wo abẹ́ tábìlì. Ẹni tó ti lè jókòó fúnra rẹ̀ dáadáa ló wà fún. Bí ẹ̀yìn àga bá fẹ̀ jù, kò ní wọ̀ ọ́. Bó bá sì tín-ín-rín jù, á máa yọ̀.

Ìkẹrin ni àga àkápọ̀ tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, bí irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbé lọ sí etíkun. Èyí nìkan ló ń dá dúró. Bí ẹ kò bá mọ irú tábìlì tó wà níbi tí ẹ ń lọ, tàbí tí ẹ bá máa dé ilé bíi mẹ́rin, òun ló fọkàn balẹ̀ jù. Ohun tó ná ni ní ìwúwo: ó máa ń lé ní kílò mẹ́ta. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ló sì fẹ́, kì í ṣe iyanrìn tàbí koríko tó gun òkè gun ìsàlẹ̀.

Ẹ máa rí ìkarùn-ún tó dà bí ike rírọ̀ tó gbá ìdí ọmọ mú, irú Bumbo. Ilẹ̀ ni àyè tirẹ̀. Ẹ má gbé e sórí tábìlì tàbí sórí àga láé. Ní ọdún 2012, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin rẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn òbí ní Amẹ́ríkà má lò mọ́ títí wọ́n fi máa gba bẹ́líìtì sí i, nítorí àwọn ọmọ ń jábọ́ nínú rẹ̀.

Níbo lẹ ń lọ gan-an?

Bó bá jẹ́ ilé ni, ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ ní kí ẹnì kan nílé ya fọ́tò tábìlì ìjẹun àti àga rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Kó ya abẹ́ tábìlì náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ní tábìlì gíláàsì nínú pálọ̀, ilé mìíràn kò sì ní tábìlì ìjẹun rárá, orí sófà ni wọ́n ti ń jẹun. Bó bá jẹ́ gíláàsì, àmọ́ tí àwọn àga rẹ̀ jẹ́ igi tó wúwo, booster ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ sófà nìkan, àga àkápọ̀ ló kù, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí ẹ gbé ọmọ jókòó síwájú yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ tó jókòó sí ilẹ̀ kò ní ibi tó máa jábọ́ sí.

Bó bá jẹ́ òde àríyá, ẹ mọ irú ohun tó wà níbẹ̀: àga oníke àti tábìlì gígùn tó ń ká. Bákan náà ló rí ní gbọ̀ngàn tí a máa ń gbà fún ìkómọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston. Ẹ má kọ́ àga àgbékọ́ mọ́ irú tábìlì yẹn, àní bí aṣọ olówó iyebíye bá bò ó. Ẹ má dè booster mọ́ àga oníke, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà bí ìwúwo bá ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní òde àríyá, àga àkápọ̀ tàbí itan ẹni tí ẹ fọkàn tán ló dára. Kí ẹni tó gbé e sórí itan ṣáà má máa jẹ ìrẹsì gbígbóná lọ́wọ́ kan náà. Kí ẹ sì bá a sọ ọ́ ṣáájú pé kó má fún ọmọ ní ẹ̀pà. Ẹ̀pà odidi lè há ọmọdé lọ́fun, àwọn elétò ìlera Ìlú Ọba sì ní kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Bó bá jẹ́ ilé oúnjẹ, wọ́n sábà máa ń ní àga ọmọ tiwọn, àmọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ lè ti já tàbí kó má sí rárá. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbé ọmọ sí i.

Ní ti ọkọ̀ òfúrufú, kò sí ọ̀kan nínú àwọn àga yìí tó wà fún gbígbé ọmọ jókòó nínú bàálù. Inú ẹrù ni wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú máa ń gba kẹ̀kẹ́ ọmọ àti àga ọkọ̀ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ má gbà pé wọ́n á ka àga ìjẹun mọ́ ọn. Ẹ béèrè kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ìwọ̀n rí, tí kílò 23 tí wọ́n fún un ti kún fún ẹ̀bùn àwọn ará ilé, mọ ohun tí kílò mẹ́rin túmọ̀ sí.

Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Bẹ́líìtì ni ẹ kọ́kọ́ máa wò. Èyí tó dára jù ni èyí tó gba èjìká méjèèjì, ìbàdí méjèèjì àti àárín itan. Èyí tó gba ìbàdí nìkan kò ní dá ọmọ tó fẹ́ dìde dúró. Àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn ọmọdé Nationwide ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, wo àkọsílẹ̀ ọdún 2003 sí 2010 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dọọdún nítorí àga ìjẹun lé ní 9,400. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ pé ṣíṣubú ni wọ́n ṣubú, ọ̀pọ̀ sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé wọ́n ń gun àga ni tàbí wọ́n dìde dúró lórí rẹ̀. Tíréè kì í ṣe bẹ́líìtì o. Ọmọ lè yọ́ gba abẹ́ tíréè bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ní Ìlú Ọba àti ilẹ̀ Yúróòpù, EN 1272 ni ti àga àgbékọ́, EN 16120 ni ti èyí tí a ń dè mọ́ àga àgbà, EN 14988 sì ni ti àga ọmọ tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé ilé iṣẹ́ náà ṣe é ní ìbámu pẹ̀lú òfin ìdánwò. Ẹ wo ìwọ̀n ọmọ tó lè gbé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ gbà ju nǹkan bíi kílò 15 lọ.

Ẹ tún ronú nípa fífọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí à ń jẹ. Epo pupa kì í fi aṣọ funfun sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ilá á sì wọ gbogbo kọ́lọ́fín. Bí aṣọ àga náà kò bá ṣeé bọ́ kúrò fọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ṣeé bọ́, ẹ yan àwọ̀ tó dúdú díẹ̀. Ike tí kò ní kọ̀rọ̀ púpọ̀ ló rọrùn jù láti nù.

Bí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀, tàbí ọ̀rẹ́ bá fún yín ní èyí tí ọmọ tirẹ̀ lò, ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ara wọn, kó dún ketekete. Ẹ wo rọ́bà tó wà lẹ́nu apá àga àgbékọ́ bóyá kò ti jẹ, ẹ wo síkúrù bóyá ó pé. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọn kò tíì kó o padà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CPSC ló ń kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìlò rẹ̀ bá ti sọnù, ẹ wá a kí ẹ tó gbé ọmọ lé e.

Bí ọmọ bá ti jókòó

Ẹ dánwò nílé yín ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì kí ẹ tó rìn, kí ọmọ lè mọ àga náà. Ọmọ tí kò sùn dáadáa nínú bàálù, tó bá ojú tuntun àti ooru, kò yẹ kó tún bá àga àjèjì.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ há a tán, kí ẹ fọwọ́ fà á, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ọmọ tó bọ́ síbẹ̀. Ẹ di bẹ́líìtì kí ẹ tó gbé oúnjẹ dé. Bí ọmọ bá wà lórí booster, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tábìlì tàbí ògiri, torí ó lè fi ẹsẹ̀ tì í kí àga sì dojú délẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí sítóòfù, sí àtùpà, sí wáyà jẹnẹrétọ̀ àti sí etí àtẹ̀gùn. Bí iná bá lọ lójijì, ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá tọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ lórí rẹ̀ pé ẹ fẹ́ lọ bu omi. Ilé kún fún èèyàn, ìyẹn ló máa ń tan ni: kálukú á rò pé ẹlòmíràn ló ń wò ó.

Itan Màmá ńkọ́?

Nígbà tí a tún lọ, ọmọ ti lé ní ọdún kan àti ààbọ̀. Mo ti ní kí àbúrò ọkọ mi ya fọ́tò gbogbo nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Gíláàsì ṣì ni tábìlì, àmọ́ àwọn àga rẹ̀ jẹ́ igi tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè fi ọwọ́ kan gbé e. Mo ra booster. Nígbà tí a débẹ̀, mi ò gbé e jáde bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ìyá ọkọ lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó, ṣé okùn yìí le tó?" Wọ́n fà á, wọ́n ní kò le. Wọ́n fúnra wọn dè é, ó le ju tèmi lọ.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mìíràn dì bẹ́líìtì ọmọ. Bó bá jẹun tán, wọ́n á tú u, wọ́n á nu ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sórí itan.